Àgùntàn Tí A Bá Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì Sìn

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n ṣì ń fi òwú dúdú dirun fún mi lọ sílé kéwú, ilé wa ló kẹ́yìn ní àdúgbò wa ní Ìwó. Lẹ́yìn tiwa, oko ló kù. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìnkùlé wa jáde, ẹ ó kan ẹ̀gẹ́ wa, ẹ ó kan àgbàdo wa, lẹ́yìn náà ẹ ó bọ́ sójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí ìhà Olúpọ̀nnà. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ o. Ilé epo ti wà níbẹ̀ báyìí, ilé alájà sì ti kún ibẹ̀. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, mo ṣìnà níbẹ̀ nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ọmọ kékeré kan ló ń júwe ilé bàbá mi fún mi.

Àwa mẹ́rin là ń gbé ilé náà: bàbá mi, ìyá mi, ìyá tó bí bàbá mi, àti èmi. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ọmọ púpọ̀. Lẹ́yìn tí ìyá mi bí mi, wọ́n lóyún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni ọmọ kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìyá mi náà bá èkejì lọ. Nítorí náà, nígbà tí oyún mìíràn tún dúró, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìyá mi bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá mi kò gbọdọ̀ pọnmi, wọn kò gbọdọ̀ gúnyán, wọn kò gbọdọ̀ rìn kọjá ẹ̀yìnkùlé. Ẹní ni wọ́n tẹ́ fún wọn sábẹ́ igi máńgòrò. Ògì ni ìyá mi ń ṣe tà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà sì fi sílẹ̀ fún wọn nínú rẹ̀ ni kí wọ́n máa sẹ́ ẹ, torí pé ìjókòó ni wọ́n fi ń sẹ́ ògì.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ló sọ wọ́n di ẹni tí àdúgbò mọ̀. Bí Iléyá bá dé, àwọn ni gbogbo ojúlé ń pè kí wọ́n wá bá wọn dúńbú àgbò, torí ọwọ́ wọn yá, ẹran kì í jẹ̀rora lọ́wọ́ wọn. Ọ̀bẹ náà wà nínú akọ̀ awọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fi gé àlùbọ́sà, ó di kó wá ibòmíràn sùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí àgùntàn. Àgùntàn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe tiwa. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ àṣà náà, torí ó ti ń kú lọ. Ẹni tó lówó díẹ̀ lọ́wọ́ tí kò ní ẹ̀yìnkùlé á ra abo ẹran, á fà á lé ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ kó máa bá òun sìn ín. Ẹni tó rà á ló ni ìyá ẹran títí láé. Bó bá bí àkọ́bí, tirẹ̀ ni. Bó bá tún bí, ti ẹni tó ń sìn ín ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ó máa pín in lọ. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí àfi Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ lójú: ẹni tó ń sìn ín kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan ọrùn ìyá ẹran láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín gbà. Bó bá kú fúnra rẹ̀, kó gbé òkú rẹ̀ lọ hàn án, torí-tawọ, kí wọ́n má baà ní ó ti tà á jẹ.

Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni tiwa. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Opó ni wọ́n, onítẹ̀bọmi ni wọ́n, wọ́n ń ta ata, yàrá kan ni wọ́n sì háyà nítòsí ilé ìwé míṣọ́nnì, níbi tí èèyàn kò ti lè so adìyẹ pàápàá mọ́lẹ̀. Ìmàle làwa, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Bí a bá pa ẹran Iléyá, èmi ni mò ń gbé ti Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún wọn. Bí Kérésì bá dé, Màmá á gbé adìyẹ wá láàyè, kí bàbá mi lè pa á bó ṣe yẹ, ká lè jọ jẹ ẹ́.

Àgùntàn náà ti kọ́kọ́ bí akọ kan, Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì sì ti mú un lọ. Èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, tiwa ni. Ìyá mi ti pín in tán kí wọ́n tó bí i. Bó bá jẹ́ abo, òun ni yóò jẹ́ ìpìlẹ̀ agbo tiwa. Bó bá jẹ́ akọ, òun ni ẹran ìsọmọlórúkọ ọmọ tó wà níkùn ìyá mi. Ìyá àgbà ní ọmọ àgùntàn kò ní tíì tó pa. Ìyá mi fèsì pé bí kò bá tíì tó, ọmọ àwọn yóò mú sùúrù dè é, ohun tí àwọn ń fẹ́ ni pé kí àwọn rí ọmọ tí yóò mú sùúrù náà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe tí a ṣe. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba nígbà náà, wọ́n ní kí gbogbo ìlú mọ́ tónítóní. Wólé-wólé ń káàkiri, ẹran tí wọ́n bá rí lójú títì, wọ́n á kó o lọ. Àgùntàn wa tó ti mọ́ lára láti máa jẹ̀ dé etí oko, a so ó mọ́ èèkàn lábẹ́ máńgòrò. Ìyá mi wà lórí ẹní, wọ́n ń sẹ́ ògì, àgùntàn wà nídìí èèkàn, ó ń jẹ èérí tó ń jáde látinú asẹ́. Ohun tí ọ̀kan ń ṣe ni èkejì ń jẹ, kò sì sí èyí tó ń rìn nínú àwọn méjèèjì. Bí àgùntàn ti ń sanra ni inú wa ń dùn. A ń bọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́ àgbò de Iléyá, a gbàgbé pé àgbò kì í bímọ. Fúlàní kan tó máa ń da màlúù kọjá lẹ́yìn ilé wa dúró wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó máa rìn o." Ìyá àgbà bi í pé, "Ṣé ìwọ lo máa lọ gbà á wá fún wa bí wólé-wólé bá mú un?" Fúlàní náà ṣe họ̀ọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú ọyẹ́. A kírun àárọ̀ tán la gbọ́ ohùn rẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń ké lásán, àgùntàn kì í ké lásán. Ìgbà tí a fi débẹ̀, omi ti dà lára rẹ̀, ó ń dìde, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀. Inú wa kọ́kọ́ dùn. Ìyá àgbà ní kí ìyá mi wọlé, kí wọ́n sì ti fèrèsé, torí aboyún kì í wo ẹni tó ń rọbí, ìbáà jẹ́ ẹran. Ìyá mi wọlé. Oòrùn yọ, orí ọmọ hàn, inú wa sì bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Orí nìkan ló wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ẹran tó ń bí yóò mọ̀ pé ọmọ máa ń jáde bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sómi: ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì á ṣáájú, imú á gùn lé wọn. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ká sẹ́yìn nínú lọ́hùn-ún, èjìká sì dínà. Orí náà tóbi. N kò rí orí ọmọ àgùntàn tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Èérí tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa bù sílẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn tí kò lè jáde.

Bàbá mi fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, wọ́n fi àdín kùn ún, wọ́n gbìyànjú. Ọwọ́ tó ti di ọkọ́ mú láti kékeré, ó ti fẹ̀ jù, kò wọlé. Ìyá àgbà gbìyànjú tiwọn, ṣùgbọ́n làkúrègbé ti ká wọn ní ìka, ìka náà kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Bàbá mi di orí ọmọ mú, wọ́n fà á díẹ̀, àgùntàn figbe ta, wọ́n sì fi í sílẹ̀ wéré. Wọ́n sáré lọ sí gáà Fúlàní. Eérú iná tó ti tutù nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, àwọn Fúlàní ti da màlúù lọ.

Ni wọ́n bá rán mi sí Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sáré títí ẹ̀gbẹ́ fi ń gún mi. Ilẹ̀kùn Màmá wà ní títì. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní wọ́n ti lọ sọ́jà Kuta láti ìdájí, wọ́n lọ ra ata. Mo dúró níbẹ̀, mò ń sunkún, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Obìnrin náà ló ní kí n lọ sí gáréèjì, kí n fi ọ̀rọ̀ rán dẹ́rẹ́bà. Ẹ máa ṣe tẹlifóònù lọ, àwa, dẹ́rẹ́bà ni tẹlifóònù tiwa. Mo bá ọkọ̀ kan tó fẹ́ gbéra, mo kúnlẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà, mo ní, "Ẹ dákun, bí ẹ bá dé Kuta, ẹ bá mi sọ fún Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì aláta pé àgùntàn wọn ń kú lọ." Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ, lọ nu imú ẹ. Màá sọ fún wọn." Mo tún sáré padà.

Nígbà tí mo dé, oòrùn ti mú. Ahọ́n ọmọ tó yọ síta ti ń dúdú lọ. Àgùntàn kò dìde mọ́. Ó na ọrùn sílẹ̀, ó ń payín keke, bí ìrọbí bá dé, ara rẹ̀ kàn ń gbọ̀n ni, kò lágbára láti rọbí mọ́. Ojú rẹ̀ ń wo wa. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ti rí ikú adìyẹ, mo ti rí ikú àgbò, ṣùgbọ́n àwọn yẹn máa ń yá ni. N kò tíì rí ikú tó jókòó ti èèyàn láti àárọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá mi wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ.

Ìyá àgbà ní, "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ̀yin náà rí i, Ìyá. Bó bá kú báyìí, òkúǹbete ni, ajá ló ni ín. Bí mo bá dúńbú ẹ̀ nísinsìnyí, ẹran á ṣeé gbé fún Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá sì yára lanú ẹ̀, bóyá ọmọ á yè."

"Ẹni tó ni ín kò tíì gbà."

"Ẹni tó ni ín wà ní Kuta. Ikú wà níbí."

Ìyá àgbà wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò jẹ́ gbàgbé. Wọ́n ní, "Ìyá ẹran, tiwọn ni. Ọmọ inú ẹ̀, tìẹ ni. O fẹ́ pa tiwọn kó o lè rí tìẹ. Báyé bá bi ọ́, ìyẹn lo máa sọ?"

Bàbá mi ní, "Ṣé kí àwọn méjèèjì wá kú nítorí ẹnu ayé? Ìyá yìí ti lọ tán, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ."

"Bóyá ọmọ náà ti kú ńkọ́? Ọmọ yẹn ni kó o gé wẹ́wẹ́, kó o fà á jáde, kí ìyá lè yè."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ìyá ni, ọmọ ni, ìyá ni, ọmọ ni, bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi gbàgbé ẹni tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, ìyá mi jáde sí wa.

Ìyá àgbà lọgun. "Ìyàwó! Wọlé! Kí lo fẹ́ wá wò?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Mo ti fetí gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kí ló kù tí ojú mi fẹ́ sá fún?"

Ìyá mi rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú inú ńlá yẹn, wọ́n fi ọwọ́ kan tilẹ̀. Wọn kò wo àgùntàn. Bàbá mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Bàbá ọmọ mi, bó bá jẹ́ èmi ni mo sùn sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan? Èwo lẹ ó mú?"

Bàbá mi la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wo ọ̀bẹ ọwọ́ wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi sí wọn lọ́wọ́. Wọn kò dáhùn. Wọ́n fi ọ̀bẹ gúnlẹ̀, wọ́n sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ náà, ó bí mi gan-an ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bèèrè kò le rárá.

Ìyá mi kò dúró de ìdáhùn. Wọ́n ní, "Ẹ fún mi ní àdín."

Ọwọ́ ìyá mi kéré. Ọwọ́ tó ń sẹ́ ògì lójoojúmọ́ ni, ó rọ̀, ó sì mọ bí a ti ń wá nǹkan nínú ohun tí ojú kò rí. Oyún kò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn àgùntàn náà, bàbá mi jókòó, wọ́n fi àyà ti ìyá mi lẹ́yìn kí wọ́n má baà yí. Ìyá àgbà gbé orí àgùntàn lé itan, ètè wọn ń mì, wọ́n ń ka gbogbo àdúà tí wọ́n mọ̀. Èmi ni mò ń da àdín.

Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ ṣe yà wá lẹ́nu. Wọn kò fa orí náà. Wọ́n tì í padà sínú. Bí ìrọbí bá dé, wọ́n á dúró, bó bá lọ, wọ́n á rọra tì í. Ọwọ́ wọn wọlé tẹ̀lé e dé ìgbọ̀nwọ́. Òógùn bò wọ́n nínú ọyẹ́ yẹn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Rọra. Ìwọ náà, rọra. Mo ti rí orúnkún ẹ. Má bẹ̀rù." Títí di òní, n kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ìyá ẹran ni, ọmọ inú rẹ̀ ni, tàbí ọmọ inú tiwọn. Wọ́n fi ọwọ́ bo pátákò ẹsẹ̀ kan kó má baà ya ilé ọmọ, wọ́n yí i wá síwájú. Ó pẹ́ kí ìkejì tó wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ yọ pẹ̀lú imú lórí wọn, ìyá mi ní, "Ó tó. Bàbá ọmọ mi, ẹ bá mi fà á, sísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fà á sí." Wọ́n jọ fà á, ó sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wìì, pẹ̀lú omi àti ẹ̀jẹ̀.

Akọ ni. Ó funfun, ọrùn rẹ̀ dúdú. Bàbá mi nu imú rẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n jù ú fìrì, wọ́n fi koríko ra á lára, wọ́n fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Bàbá mi tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí kan ara wọn lọ́jọ́ Jímọ̀! Wọ́n fẹ́ ẹ títí ojú wọn fi pọ́n. Kò mí. Ó ti kú kó tó jáde.

Àgùntàn yí orí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Ó ń lá a, ó ń pè é pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí wọ́n máa ń fi pe ọmọ. Ìyá mi ṣì wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ẹ̀jẹ̀ dé wọn ní ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n bú sẹ́kún. Ẹkún ti ọmọ méjì tó ti lọ ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ti kéré tó. Bàbá mi kò kúrò lẹ́yìn wọn. Wọ́n pe ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí, a gbọ́ ọ, bàbá mi kò dìde.

Ibẹ̀ ni Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì bá wa. Dẹ́rẹ́bà ti jíṣẹ́. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé tagbọ̀n-tagbọ̀n, ata ṣì wà lórí wọn. Wọ́n rí ọ̀bẹ tó dúró nínú ilẹ̀, wọ́n rí ọmọ ẹran tó kú, wọ́n rí ìyá rẹ̀ tó wà láàyè. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, wọ́n ní, "Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Mo ti fẹ́ pa á láìgbọ́ tẹnu yín."

Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì kò tilẹ̀ wo àgùntàn wọn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n sọ agbọ̀n ata kalẹ̀, wọ́n mú ọṣẹ, wọ́n bu omi, wọ́n jókòó ti ìyá mi nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọwọ́ fún wọn, ìka kọ̀ọ̀kan, títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní, "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ, lágbára Ọlọ́run." Ìyá àgbà ṣe àmín. Nígbà tí Màmá wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ní èyí tí àgùntàn náà bá tún bí, tiwa ni, ti òní kò sí nínú ìpín.

Láti ọjọ́ kejì, ìyá mi tú okùn kúrò lára èèkàn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí wólé-wólé tó jí, àwọn àti àgùntàn á gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà, àwọn méjèèjì á rìn lọ, wọ́n á rìn bọ̀. Ìyá àgbà pariwo títí, ó rẹ̀ wọ́n.

Ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìrọbí ìyá mi dé. Bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n bí i nílé. Takisí ló gbé wa lọ sí ọsibítù, èmi àti ìyá àgbà jókòó síta, bàbá mi kò jókòó. Ó pẹ́. Ó pẹ́ bí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ti pẹ́, ohun tí mò ń gbọ́ létí sì ni ohùn tí àgùntàn náà fi ń pe ọmọ rẹ̀. Ọkàn mi ti sọ̀rètí nù pátápátá nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ti le o. À ń sa gbogbo ipá wa, ṣùgbọ́n bó bá di pé—"

Bàbá mi kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi."

Ìyá àgbà yíjú wò wọ́n.

Wọ́n fún bàbá mi ní ìyá mi. Ọmọ náà mí díẹ̀, ó sì lọ. Ọkùnrin ni. Àwọn ẹbí kùn, kì í ṣe díẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ì bá jogún ilé ni bàbá mi fi ẹnu ara wọn ní kó máa lọ. Wọ́n ní kí bàbá mi fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bí àwọn ẹbí bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, bàbá mi á dìde, wọ́n á lọ pọ́n ọ̀bẹ wọn lẹ́yìn ilé, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, títí àlejò á fi lọ. Wọn kò fẹ́ ẹlòmíràn, ìyá mi kò sì bímọ mọ́. Èmi nìkan ni wọ́n ní. Àgùntàn ní tirẹ̀ bí ìbejì lọ́dún tó tẹ̀lé e, Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì kò sì gba ọ̀kankan.

Nígbà tí mo ti di ìyàwó ilé, mo bi bàbá mi ìdí tí wọn kò fi dá ìyá mi lóhùn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìtìjú. Wọ́n ní ìdáhùn ti wà lẹ́nu àwọn kí ìyá mi tó bèèrè tán. Ìyá àwọn ló dúró níbẹ̀, ojú ń ti àwọn láti sọ ọ́ níṣojú wọn.

Ayé ti yí. Dókítà ẹran wà báyìí tí ẹ lè pè lórí fóònù, á gun alùpùpù wá bá yín. Èmi kì í ṣe ara àwọn àgbà tó ń sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi gbẹ̀bí lónìí, ká ní ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa nígbà náà, èmi ìbá ní àbúrò. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń fa abo ẹran lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìkọ̀wé? Ta ló máa gbé agbọ̀n ata láti Kuta nítorí àgùntàn, tó máa wá jẹ́ pé ọwọ́ aboyún ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bèèrè yẹn náà ṣì wà nílẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ayé kò tíì bá ọkọ kankan dáhùn rẹ̀.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí. Ẹni tó bá wá tọrọ ọ̀kan nínú wọn, mo máa ń fún un ní ìjókòó, mo máa sọ ìtàn àgùntàn yìí fún un, mo sì máa dúró síbi tí ìyá mi ti bèèrè ọ̀rọ̀. N kì í sọ ohun tó kù. Màá kàn máa wojú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ àkọ́bí mi kò sọ nǹkan kan, omi ló lé sí i lójú. Mo fún un. Ẹni tó fẹ́ èkejì ní, "Màmá, ṣé wọ́n tún ń bèèrè ìyẹn ni?" Mo fún òun náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá tọrọ àbíkẹ́yìn mi fetí sílẹ̀ dáadáa, ó mirí, àánú ṣe é, ó wá ní, "Màmá, ṣé wọ́n padà rí ẹran náà pa kó tó kú?" Mo bu omi tútù fún un mu, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.